Ìwé Tí Màmá Kò Gbà

Ojú wa kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin lókè ẹ̀yìn ewúrẹ́ kan.

Ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin ni, ní ibùdókọ̀ Agbonou, lọ́dún 1936. Ẹni tó bá mọ Agbonou lọ́jọ́ ọkọ̀ nígbà náà mọ̀ pé ènìyàn kì í dá dúró níbẹ̀. Èrò ló máa ń gbé ènìyàn dúró. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀, ó di ìwo ewúrẹ́ mú láti ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ wà nílẹ̀, ó di ìrù mú. Ọ̀kan ní kí ewúrẹ́ wọlé, ọ̀kan ní kó jáde, ewúrẹ́ sì ń sọ èrò tirẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi wà lápá ọ̀tún, mo gbé ọṣẹ àti ìwé ìtàn ìfẹ́ pélébé kan mọ́ àyà. Òun wà lápá òsì, ó dé fìlà pupa, ó wọ kakí tí wọ́n fi sítáṣì sí títí tó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ ké. A jọ gbójú sókè. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nínú irú ìwé tí mo gbé mọ́ àyà yẹn, bí ojú méjì bá pàdé báyìí, òdòdó ló máa ń já bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ọmọkùnrin á sì bẹ̀rẹ̀ mú un fún un. Ní tèmi, ọṣẹ ló já bọ́, ewúrẹ́ sì tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ mo ń lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ayé mi ti yí padà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Jacqueline ni wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àpọ̀kẹ́ ni ìyá ìyá mi ń pè mí, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni mo sì ń gbé, tí mo ń bá a ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Mo délé, mo bá ọmọkùnrin náà níbẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, Màmá sì ń yẹ èékánná rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Màmá ṣe rí, kí àwọn tó ń sọ ọ́ di ẹni mímọ́ tó bà á jẹ́ tán.

Málọmọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ti ṣáájú rẹ̀ wá, wọ́n sì ti padà. Àwọn sísítà Jámánì wá sọ ọ́ ní Adelheid. Nígbà tí Faransé gba ìlú, fadá tuntun ní orúkọ náà gùn jù, ó gé e nírù, ó di Adèle. Màmá ní òun ò bínú. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìjọba bá yí padà ni wọ́n máa ń gé nǹkan, ó sì sàn kó jẹ́ orúkọ.

Wọ́n ń sọ nísinsìnyí pé kò bínú rí láyé rẹ̀. Irọ́ ni. Ó ń bínú láàárọ̀, ó ń bínú lọ́sàn-án, orin Jámánì ló sì máa ń kọ bí inú bá ń bí i, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi gbà pé Jámánì ni orúkọ ìbínú. Wọ́n ní kò fẹ́ràn nǹkan ayé. Ó fẹ́ràn aáṣáà, ó fẹ́ràn ẹ̀wà tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀, ó sì máa ń rẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin jẹ nídìí ayò láìtijú. "Ẹni tí wọn ò bá rẹ́ jẹ nílé, ìta ni wọ́n á ti rẹ́ ẹ jẹ," á sọ bẹ́ẹ̀, á sì kó ọmọ ayò ọmọlọ́mọ sínú ìró rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe, tí ẹlòmíràn kò ṣe, ni pé ọdún méjìlélógún ló fi jókòó sábẹ́ igi mángòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà Agbonou, tó ń tọ́jú ọmọ àwọn tó ń lọ oko àti ọmọ àwọn tó ń lọ bíró. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fọwọ́, bí a ṣe ń kí àgbà, bí a ṣe ń fi èkùrọ́ ka ení èjì, bí a ṣe ń dúró de ẹni tó ṣáájú wa nídìí ìkòkò omi. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ pé "èmi ni mo ṣe é" láìwo ẹsẹ̀. Mo mọ àwọn ọkùnrin ńlá tí wọn kò tíì mọ èyí tó kẹ́yìn yẹn títí di òní, mo sì máa dárúkọ ọ̀kan.

Ìbẹ̀rù ló dá kíláàsì náà sílẹ̀. Ní 1914, nígbà tí ogun dé, àwọn Jámánì fúnra wọn fọ́ ilé wáyà wọn ní Kamina nítòsí wa, èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́, kí ọ̀tá má baà rí i lò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn òpó gíga náà ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ń mì, àwọn àgbà ń sá wọ igbó, wọ́n sì ń gbàgbé ọmọ sílé. Màmá kó àwọn ọmọ tó rí jọ sábẹ́ mángòrò, ó ní kí wọ́n máa ka ení èjì. Bí òpó kan bá wó, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Nígbà tí òpó fi tán, ọmọ mẹ́tàlá ló ti mọ ònkà dé ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ náà tún padà wá. Kò sí ẹni tó pè wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlá náà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún tó wọ abẹ́ ìró Màmá, tó kọ̀ láti jáde, tó sì ń ka ònkà tirẹ̀ láti ibẹ̀. Eugène Ògúnlàdé ni. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti di akọ̀wé àti ògbufọ̀ Kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè wa. Ó ní akẹtẹ̀ funfun, ó ní bàtà tó máa ń dún, ó sì ní ohùn méjì: ọ̀kan fún òyìnbó, tó dà bí oyin, ọ̀kan fún àwa, tó dà bí ìlẹ̀kùn bíró.

Ní oṣù kìíní ọdún náà, nínú ọyẹ́, Kọmándà wá wo Agbonou. Ó dúró lábẹ́ mángòrò, Eugène dúró tì í, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọyẹ́ kò mọ akẹtẹ̀ funfun yàtọ̀. Imú Eugène ń ṣàn. Màmá ń wò ó, ó ń wò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó fa etí ìró rẹ̀, ó nà án sí imú ọkùnrin náà, ó ní, "Fun ún." Eugène sì fun ún. Kò ronú. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ ló jáde wá ṣe é kí akọ̀wé tó mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn rẹ́rìn-ín, Kọmándà rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi mú.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìwé kan ní bíró. Ìwé náà ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Adèle Málọmọ́ ń dá ilé ẹ̀kọ́ ṣe láìní sẹ́tífíkà, pé èdè Ifẹ̀ tí à ń sọ ní Atakpamé ló sì fi ń kọ́ ọmọ dípò Faransé. Ó ní kó ti kíláàsì náà pa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọjọ́ tó bá fọwọ́ gba ìwé yìí, tó sì buwọ́ lù ú. Eugène ló kọ ọ́. Kọmándà ló fọwọ́ sí i, bó ṣe ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí Eugène bá gbé síwájú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí.

Hilaire Fágbénró, òjíṣẹ́ bíró, ọmọkùnrin tí mo rí lókè ẹ̀yìn ewúrẹ́, ni wọ́n fi ìwé náà rán. Wọ́n tún gbé ìwé ńlá kan fún un, èyí tí Màmá máa buwọ́ lù pé òun ti gbà á. Bí kò bá sí ìbuwọ́lù, ìwé kò tíì dé. Bí ìwé kò bá tíì dé, ọgbọ̀n ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọmọkùnrin náà ti tọ̀ mí wá sílé kí n tó délé.

"Àpọ̀kẹ́," Màmá pè mí, "bu omi wá fún àlejò."

Mo bu omi wá. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, omi sì dà sí i lórí eékún. Ó fọwọ́ nù ún. Mo kà á sí ìwà pẹ̀lẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í jíṣẹ́ pẹ̀lú òùngbẹ lọ́fun. Ó gbọ́dọ̀ mu omi. Bó bá mu tán, onílé á bi í bí ibi tó ti ń bọ̀ ṣe wà, òun á sì dáhùn pé àlàáfíà ni. Dandan ni. Ìyá ẹni ì báà kú, àlàáfíà la ó kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà ni onílé á wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé kí ni iṣẹ́ tó gbé wá, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ìbéèrè kejì yẹn gan-an ni ìbéèrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní la ẹnu jíṣẹ́ fún àgbà tí kò tíì bi í. Wọ́n tọ́ Hilaire dáadáa. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

"Báwo ni ibi tí o ti ń bọ̀?" Màmá bi í.

"Àlàáfíà ni, Màmá."

"A dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́? Àlejò wa ní àlàáfíà ni. Ẹ kí i."

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí i. Ó dá wọn lóhùn. Ó dúró de ìbéèrè kejì. Màmá ti mú ọ̀bẹ pélébé jáde, ó ń gé èékánná rẹ̀.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Fágbénró ni, Màmá, àwọn tó ń dáko lẹ́yìn odò."

"Fágbénró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi yẹn? Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ń kọ́?"

"Ó wà, Màmá. Màmá, ìdí tí mo fi…"

"Kí i fún mi. Ọwọ́ kejì dà? Wo ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ èyí. Ní bíró ńkọ́, ẹ kì í fọwọ́ níbẹ̀ ni?"

Títí oòrùn fi yí, wọ́n ti gé èékánná Hilaire tán, ó ti ka èkùrọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ti gbé ọmọ kan tó ń sunkún yí igi ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà rẹ̀, níbi tí etí àpò ìwé funfun kan ti yọ, ó sì tún padà. Ó bojú wo Màmá, ó bojú wò mí. Ó mí kanlẹ̀.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo fi ìmí kanlẹ̀ yẹn ṣe. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Màmá ń fún un lómi, ó ń bi í bí ibi tó ti ń bọ̀ ṣe wà, ó ń gbọ́ àlàáfíà, ó sì ń fún un ní ọmọ gbé. Olúgbódi, aládùúgbò wa tó ń din àkàrà lójú ọ̀nà, kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ẹni rẹ tún ti ń bọ̀ o. Ó gbé ìwé ńlá dání lónìí náà. Ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà ọ́ sí?"

"Ìyá alákàrà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lo fi sí ọrùn yẹn? Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́?"

"Páúdà ni."

"Má wá síbi epo mi."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi epo rẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé tó tó ogún pé àwọn aládùúgbò kì í mọ ìfẹ́ bí wọ́n bá rí i. Mo mọ ohun tó wà nínú àpò àyà yẹn. Ìwé tí ọmọkùnrin onítìjú kọ lóru mẹ́ta ni, tí kò rí ìgboyà láti fi lé mi lọ́wọ́. Bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni mò ń kọ ìwé náà fún un nínú ọkàn mi, ó sì mọ̀wé kọ gan-an.

Nígbà keje tó wá, mo lọ dè é lójú ọ̀nà odò. Mo wé gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run. Òógùn ti sọ páúdà mi di ẹ̀kọ.

"Músíè Hilaire."

"Màmúsẹ́ẹ̀lì."

"Mo ti rí ìwé tó wà lápò àyà yín."

Ó dúró gbagidi. "Ẹ ti rí i?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí nǹkan bá ń jẹ lọ́kàn, kó gbé e kalẹ̀. Mi ò ní jẹ yín."

"Kò rọrùn, àǹtí mi. N kì í sùn dáadáa mọ́."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," mo ní, bí ẹni tó ti ṣe é nígbà mẹ́wàá.

"Bí ẹ bá kà á, ẹ máa sunkún."

"Ẹkún ayọ̀ wà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀. "Ayọ̀ kẹ̀?"

Ó mú un jáde. Wọn ò tíì lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Mo kà á ní ìdúró, ní Faransé tó le bí igi gbígbẹ, mo sì ń wá orúkọ mi títí mo fi dé òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀. Orúkọ Màmá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo sunkún lóòótọ́. Ẹkún méjì ni, mo sì sun wọ́n pọ̀ kí n má baà fi àkókò ṣòfò: ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún ara mi. Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó pọ̀ jù.

"Kí ló dé tí ẹ ò jù ú sórí ẹní kí ẹ máa lọ?" mo bi í.

"Kò bi mí," ni Hilaire wí. "Àgbà ni. Mi ò lè jíṣẹ́ fún àgbà tí kò bi mí. Àti pé," ó wo ilẹ̀, "ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹun bí kì í bá ṣe èmi ni mo fún un."

Mo sáré lọ bá Màmá. Ó ń fín aáṣáà.

"Màmá, ọ̀rọ̀ wà."

"Ó ti fi ìwé náà hàn ẹ́?"

"Ẹ mọ̀?"

"Ọwọ́ Eugène ló kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ di ọwọ́ yẹn mú lórí yanrìn kó lè fa ìlà. Ìlà rẹ̀ ṣì wọ́ títí dòní."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tèmi, ẹ sì jẹ́ kí n máa kun páúdà?"

"Páúdà kò pa ẹnikẹ́ni. Àpọ̀kẹ́, ọkùnrin wo ló ń kọ ìwé ìfẹ́ síni, tó tún gbé ìwé ńlá lọ́wọ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn ti gbà á?"

Mo fi etí ìró nu páúdà ọrùn mi. 

"Kí ni ẹ máa wá ṣe?"

"Mo máa kọ́ ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n bí a ṣe ń dúró. Eugène náà á dúró. Mo kọ́ òun náà." Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó nu imú. "Jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn máa bọ̀. Ó ti ń mọ ọmọ gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kan ṣe kọjá, tí èjì kọjá, tí ẹ̀ẹ̀rùn tán, tí òjò bẹ̀rẹ̀. Hilaire ń jíṣẹ́ bíró kiri àwọn abúlé, bó bá sì ti gba Agbonou kọjá, á yà. Lórí òkè Atakpamé, níbi tí bíró wà, Eugène ń béèrè ìbuwọ́lù. Lákọ̀ọ́kọ́ Hilaire ní Màmá kò sí nílé. Lẹ́yìn náà ó ní Màmá wà nílé, ṣùgbọ́n kò ráyè. Lẹ́yìn náà ó sọ òtítọ́, pé kò bi òun ní ìbéèrè kejì. Eugène ṣí akẹtẹ̀, ó họ orí, nítorí ọmọ wa ni òun náà, ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó wá dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà.

"Títí ọjọ́ Ajé," ó ní. "Bí kò bá sí ìbuwọ́lù, àtìmọ́lé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí o bá jáde, lọ bá bàbá rẹ lóko."

Òjò pa Màmá lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ń kó ẹní àwọn ọmọ wọlé. Ó ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó ní kí n má fi ojú ìwé wo òun bẹ́ẹ̀, òun kì í ṣe ọmọbìnrin inú ìtàn. Lọ́jọ́ Àìkú, kí ìsìn tó parí, ó kú. N kò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbìyànjú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Hilaire dé pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀. Ó bá ẹkún, ó gbé ìwé ńlá náà sórí pẹpẹ ìdáná, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n má baà rí bí wọ́n ṣe ń gbé pósí wọlé. Àwọn ọmọ náà tún dé lọ́jọ́ kẹta. Àwọn ìyá wọn ní oko kò mọ òkú. Mo tẹ́ ẹní. Ìgbà tí mo tẹ́ ẹ ni mo mọ̀ pé kíláàsì náà ti di tèmi, àti pé èmi kò mọ nǹkan kan ju bí a ṣe ń gé èékánná.

Ẹ máa rò pé Eugène á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àdúrà ìjọ́ kẹjọ, Hilaire wá bá mi lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti fa ìlà sórí orúkọ Màmá lẹ́yìn àpò ìwé náà, wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sí i.

"Ó ní kíláàsì ni òun ń tì, kì í ṣe òkú," Hilaire wí. "Ó ní kí n fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la, kí n sì gba ìbuwọ́lù, tàbí kí n gba ọ̀nà àtìmọ́lé lọ tààrà. Kọmándà máa wà níbẹ̀."

"Bí mo bá gbà á, kíláàsì kú."

"Ó kú ní ọgbọ̀n ọjọ́."

"Bí mi ò bá gbà á?"

Ó wo ọ̀nà Atakpamé. Mo ti ka irú ibi báyìí tó ìgbà púpọ̀: ọmọbìnrin á yan ìfẹ́, á sì kú lẹ́wà. Kò sí ìwé kankan tó sọ ohun tí a ó fi ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn wá sábẹ́ mángòrò. Kọmándà jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó ní apá. Maurice, katikísìtì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni ó kọ́kọ́ dìde, ó ní Màmá kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ọkùnrin kan tí èmi kò rí rí ní òun ni Màmá fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́. Àwọn mẹ́rin mìíràn dìde, wọ́n sọ ohun kan náà, wọ́n sì ń wo ara wọn níwòkuwò. Olúgbódi sọ létí mi pé bí Màmá bá ń gbọ́, á ti máa kọrin Jámánì.

Eugène ló kẹ́yìn. Ó ṣí akẹtẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Faransé fún Kọmándà, ó tún un sọ ní Ifẹ̀ fún wa, ó sì sunkún nínú méjèèjì.

"Ìyá yìí ló dì mí lọ́wọ́ mú," ó ní. "Bí wọ́n bá fọ́ orí mi lónìí, ònkà rẹ̀ ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Kíláàsì yìí kì í ṣe kíláàsì, ojú wa ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan kíláàsì yìí, ojú èmi Eugène ló fọwọ́ kàn."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kọmándà fi áńkáṣíìfù nu ojú, bóyá omijé ni, bóyá òógùn ni. Eugène jókòó. Bó ṣe ń jókòó, ó mi orí sí Hilaire díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, pé àkókò ti tó.

Hilaire dìde, ìwé ńlá wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó kọjá láàárín àwọn ọmọ, ọ̀kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó fà á kúrò pẹ̀lẹ́. Ó mú àpò ìwé náà jáde kúrò lápò àyà rẹ̀, níwájú gbogbo Agbonou, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ó fẹ́ fẹ́ ẹ lójú òkú." Ohun tí àwọn ìwé mi ti ṣèlérí fún mi nìyí. Wọn ò sọ fún mi pé ìbẹ̀rù ló máa jẹ́.

Ó dé iwájú mi. Ó wò mí. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo mọ̀ pé àtìmọ́lé ni mò ń fi í sí, mo sì fi í síbẹ̀. Kò bínú. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó rìn lọ síwájú Eugène, ó dúró ṣánṣán bí wọ́n ṣe ń dúró ní bíró.

"Músíè Eugène, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ojú yín ni kíláàsì yìí."

"Jókòó."

"Ìwé tó fẹ́ fọwọ́ kan ojú náà rèé. Mo ti gbé e fún oṣù márùn-ún. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ti lọ. Mo mú un wá fún olójú."

Ó na àpò ìwé náà sí i. Kọmándà tẹ̀ síwájú nínú àga rẹ̀, ó béèrè ní Faransé ohun tí òjíṣẹ́ rẹ̀ gbé dání.

Gbogbo wa wo Eugène, nítorí òun ni ògbufọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni Kọmándà ní láàárín wa. Mo rí i tí ó ń wo àpò ìwé náà, tí ó ń wo àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, tí ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwé ìbánikẹ́dùn ni, Músíè Kọmándà," ó sọ ọ́ ní Faransé oníyọ̀, pẹ̀lú ohùn oyin. "Àwọn ará abúlé ló kọ ọ́ sí mi."

Mo gbọ́ Faransé. Mo lè la ẹnu. N kò là á, nítorí mo rí ojú Hilaire, tí ó ti ń ṣí ìwé ńlá náà sí ojú ewé tó yẹ.

"Ó dára gan-an," Kọmándà wí. "Kí ló dé tí o kò gbà á? Gbà á, ọkùnrin mi. Buwọ́ lù ú fún ọmọkùnrin náà."

Eugène mú kálámù. Ó buwọ́ lu ìwé ńlá náà lórí eékún rẹ̀, ìlà rẹ̀ sì wọ́; Hilaire ti rí ìbuwọ́lù, ọgbọ̀n ọjọ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún, Hilaire sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.